Ẹrú àti Ẹrù

Aago méjì òru ní Táńkẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lábẹ́ fèrèsé.
Kọ̀ǹpútà méjìlá ni mo kó sẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo:
ẹ to orúkọ àwọn tó ń sanwó omi ní Ìlọrin
láti A dé Y,
kí ilẹ̀ tó mọ́, kí bílì tó jáde.

Mọ́kànlá ti parí, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn,
iná ara wọn ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ń tòògbé.
Ẹ̀rọ kìn-ín-ní nìkan ló ń mí hẹlẹ.
Ó ti kún dẹ́nu, ó ń da ẹrù sílẹ̀,
ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà á padà.

Mo ṣí inú rẹ̀ wò. Abdul ni mo bá.
Abdulgáfárù. Abdulgàníyù.
Abdullátíìfù mẹ́rìndínlógún nínú agboolé kan,
Abdulkàrímù lọ bẹẹrẹ bí eéṣú.
Ṣebí èmi náà ni mo pín in,
lẹ́tà méjì méjì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan,
mo pe ìyẹn ní ọgbọọgba.
Ìlọrin kò ka álífábẹ́ẹ̀tì mi sí.
Ẹrú Ọba Òkè ni Abdul túmọ̀ sí;
ẹ̀rọ kan wá di ẹrú fún ẹrù gbogbo wọn.
Èyí tó gba Yàkúbù ti sùn láti aago mẹ́sàn-án.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bùsàrí Ìyàndá, bàbá mi,
tó fi ogún ọdún to létà nílé ìfìwéránṣẹ́ Ọ̀fà,
nígbà tí reluwé ṣì ń kó àpò wá.
Kì í sáré kọ orúkọ ìlú sára ihò pákó.
Á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò, á fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ
láti òkè, láti àárín, láti ìsàlẹ̀ pátápátá,
á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á wò ó.
"Ìlọrin ló pọ̀ lónìí."
Á fún Ìlọrin ní ihò márùn-ún,
á ká Ìpeé, Ìgòsùn àti Ìjàgbò mọ́ ẹyọ kan.
"Iyì wọn kò dín o. Létà wọn ni kò pọ̀."

Kì í sì ka àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni tán.
Ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan lojú rẹ̀ ń bà lé;
àfi tí méjì bá jọra ni yóò tó gòkè.
Èmi rèé, tí mo ń ru gbogbo ìwé kiri,
iye gbèsè, nọ́ńbà mítà, ẹ̀sùn pé páìpù bẹ́,
nítorí kí n lè fi orúkọ kan wé èkejì!

Mo pa á. Mo tún un kọ.
Ẹgbẹ̀rún orúkọ ni mo bù wò láìṣàyàn,
àwọn fúnra wọn ló fi ojú ibi tí mo máa gé hàn mí.
Abdul nìkan gba ẹ̀rọ mẹ́rin;
láti T títí dé Y jókòó sí ọ̀kan, àyè ṣì ṣẹ́kù.
Lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ ní kó máa rìn,
kò tó, Abdul ti jẹ márùn-ún níbẹ̀.
Mo sún un dé méjìlá.
Ìyókù dúró sílé, nọ́ńbà kékeré ló ń júwe rẹ̀.
Oníkálukú to tirẹ̀, ó dì í ní ìdì,
ìdì pàdé ìdì lẹ́nu ọ̀nà,
èyí tó ṣáájú nínú wọn ló kọ́kọ́ wọlé.

Wákàtí márùn-ún di ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì.
Mo fẹ́ pariwo, ta ni mo fẹ́ pariwo fún?
Mo wá orúkọ bàbá mi. Ó yọ lójú ẹsẹ̀.
Àdàbàtà. Gbèsè: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà.
Ọdún kẹta rèé tó ti wọ káà ilẹ̀.

Nísàlẹ̀, Sààdú ọlọ́dẹ ń ṣe àlùwàlá àsùbáà,
ó ń fún omi mẹ́ruwà sọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì.
Ó gbójú sókè, ó rí mi lójú fèrèsé.
"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ omi, ẹ bá wa béèrè.
Ẹ̀rọ tiwa kò sun láti ọjọ́ Jímọ̀."